CUBIC tàbí BBR, FIFO tàbí CAKE: èwo ni kí ẹ mú fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín?

Bí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì bá ń falẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n san owó sí i kí ó lè yára, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wọn. Nígbà mìíràn, ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹnìkan bá ń gbé fídíò sókè nìkan ni ohùn máa ń gé nínú ìpàdé Zoom, tí nǹkan sì máa ń padà bọ̀ sípò kété tí fídíò náà bá ti lọ tán, ìṣòro yín kọjá ìyára. Ìlà ti gùn jù nínú router, ẹnìkan ṣoṣo ló sì kún inú rẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Ohun tí wọ́n ṣe jáde wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti router. Ẹni tó ń bójú tó sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn) tàbí router ló kù tí yóò mọ èyí tó máa mú. Ibi méjì ni ẹ ti máa yàn. Ìkíní ni ẹ̀rọ tó ń fi détà ránṣẹ́: báwo ló ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí ó rọra? Reno, CUBIC àti BBR ni àwọn ètò tó ń dáhùn ìyẹn. Ìkejì ni router tó wà níbi tí ọ̀nà ti fún: ta ni yóò kọ́kọ́ kọjá, ta ni yóò sì dúró? Iṣẹ́ FIFO, RED, fq_codel àti CAKE nìyẹn. Kí n tètè sọ tèmi: ibi kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Púpọ̀ nínú iyàn tí wọ́n ń jà lórí CUBIC àti BBR ni kò ní wáyé ká ní router tó wà láàárín ń pín ọ̀nà bó ṣe yẹ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìyára lásán ni speed test máa ń gbé jáde tó bá ń fọ́nnu. Ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn nígbà tí ọ̀nà bá kún.

Ohun kejì ni àkókò àlọ-àbọ̀, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kí détà lọ kó sì padà, nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí ọ̀nà. Ẹ ṣí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ `ping 8.8.8.8`, ẹ wo iye mílíìsẹ́kọ́ńdù (ms) tó ń kọ síbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáìlì ńlá kan sókè, kí ẹ sì tún wò ó. Tó bá kúrò ní 40 tó di 60, kò sí wàhálà. Tó bá kúrò ní 40 tó di 900, a jẹ́ pé bọ́fà (ibi tí détà ti ń tò dúró) router tàbí modem yín tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ká ní modem ní bọ́fà tó lè gba mẹ́gábáìtì 1, tí ìyára ìgbésókè sì jẹ́ Mbps 2 (mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Mẹ́gábáìtì 1 jẹ́ mẹ́gábíìtì 8, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá 4 gbáko ni yóò gbà kí bọ́fà tó kún tó ṣófo. Pákẹ́ẹ̀tì (ègé détà kékeré) ohùn yín tó dé ẹ̀yìn ìlà yẹn yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 4. Kò sí ìpàdé tó lè gba irú ìyẹn mọ́ra. Ní 2010, Jim Gettys, tó wà ní Bell Labs nígbà náà, rí irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀ káàkiri lábẹ́ orúkọ bufferbloat.

Ohun kẹta ni àìṣègbè, ìyẹn bí ọ̀nà ṣe pín láàárín àwọn tó ń lò ó. Òṣùwọ̀n tí ẹ máa bá pàdé jù nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni ti Raj Jain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC, láti 1984. Ẹ ro iye tí kálukú rí gbà pọ̀, ẹ sọ àròpọ̀ náà di ìlọ́po ara rẹ̀; ẹ wá pín in pẹ̀lú iye ènìyàn lọ́nà àròpọ̀ ìlọ́po ara ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjì lórí Mbps 10: tí wọ́n bá gba 5 àti 5, èsì jẹ́ 1. Tí wọ́n bá gba 9 àti 1, ó di 100 tí a pín sí 164, ìyẹn 0.61. Òṣùwọ̀n tó dára ni, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ojú sílẹ̀ dáadáa tí wọ́n bá ń fi í yangàn: bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń lo ọ̀nà kan, tí mẹ́sàn-án gba iye kan náà, tí ẹnì kẹwàá kò rí nǹkan kan rárá, èsì á ṣì jẹ́ 0.9. Ẹni tó kà á lórí ìwé yóò ní ó ṣe dáadáa. Ẹ lọ bi ẹnì kẹwàá.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ránṣẹ́: Reno, CUBIC àti BBR

Ní oṣù October 1986, ọ̀nà tó wà láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti Yunifásítì Califóníà ní Berkeley, tí kò tó mítà 400 síra wọn, já kulẹ̀ láti bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bíìtì 40. Wáyà ò já, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo kọ̀ǹpútà ń tún pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù fi ránṣẹ́ léraléra sínú ìlà tó ti kún, ìlà náà sì ń kún sí i. John Nagle ti kìlọ̀ nípa irú ìjákulẹ̀ yìí lọ́dún 1984. Van Jacobson àti Michael Karels ló wá rí ojútùú tí gbogbo ayé gbà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1988: tí pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù, ẹ gbà pé ọ̀nà ti kún, kí ẹ sì dín ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kù. Ní 1989, Dah-Ming Chiu àti Raj Jain fi ìṣirò hàn pé tí kálukú bá ń fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ sí i, tó sì ń gé e sí ìdajì nígbà tí ọ̀nà bá kún, àwọn méjì tó ń lo ọ̀nà kan náà yóò súnmọ́ ìpín ọgbọọgba, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Orí èyí ni Reno dúró lé. Ó mọ́ lọ́wọ́, ó rọrùn láti yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti gorí rẹ̀. Lórí ọ̀nà tó jẹ́ Gbps 10 (Mbps 10,000), tí àlọ-àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ms 100, pákẹ́ẹ̀tì bí 83,000 ló gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kí ọ̀nà tó kún. Tí ẹyọ kan bá sọnù, Reno á gé e sí ìdajì, á sì máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un ní àlọ-àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò lé ní wákàtí kan kó tó padà síbi tó wà. Bákan náà, ẹni tó bá súnmọ́ sáfà ni Reno máa ń gbè lẹ́yìn, torí pé àlọ-àbọ̀ tirẹ̀ kúrú, ó sì ń tètè fi kún tirẹ̀.

CUBIC wá láti North Carolina State University, lọ́wọ́ Sangtae Ha, Injong Rhee àti Lisong Xu. Linux fi í ṣe àyànfẹ́ láti ẹ̀dà 2.6.19 ní 2006, Windows àti Apple sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni pé iye àkókò tó ti kọjá látìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì ti sọnù kẹ́yìn ló ń wò kó tó fi kún iyára rẹ̀, kì í wo gígùn àlọ-àbọ̀. Fún ẹni tó wà ní Èkó tó ń gba fáìlì láti Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré: kò ní máa fi ìdí rẹmi lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an bíi ti Reno. Tí pákẹ́ẹ̀tì bá sì sọnù, ó máa ń fi ìdá 70 nínú 100 sílẹ̀ dípò ìdajì. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Ó gbọ́dọ̀ kún bọ́fà títí pákẹ́ẹ̀tì á fi sọnù kó tó gbà pé ọ̀nà ti kún, òun gan-an ló sì ń bí bufferbloat. Èkejì, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù nítorí pé ọ̀nà kún àti èyí tó sọnù nítorí pé síńgínà fóònù kò dára.

BBR ni Google gbé jáde ní 2016. Neal Cardwell, Yuchung Cheng àti Van Jacobson ti ọdún 1988 yẹn wà lára àwọn tó ṣe é. Ó wọ Linux 4.9 ní ìparí ọdún náà. BBR kì í dúró de pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù. Ńṣe ló ń wọn nǹkan méjì fúnra rẹ̀: iye détà tó ń dé ọ̀hún gan-an, àti àlọ-àbọ̀ tó kúrú jù tó ti rí. Ó wá ń fi ìwọ̀n tí ọ̀nà lè gbà ránṣẹ́, kí ìlà má baà gùn. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ọ̀nà Mbps 100 tí àlọ-àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ms 100, ìyára CUBIC ti já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì kan péré ń sọnù nínú 1,000. Nígbà tó fi máa kọjá ẹyọ kan nínú 100, ó ti dákú. BBR ṣì ń lo gbogbo ọ̀nà tó kù dé ìgbà tí 5 nínú 100 ń sọnù. Lórí YouTube, wọ́n ní BBR dín àlọ-àbọ̀ àárín kù ní ìdá 53 nínú 100 káàkiri ayé, ó sì lé ní ìdá 80 nínú 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Àwa ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn, àwa tí bọ́fà jìnwìnnì àti síńgínà tó ń lọ tó ń bọ̀ ń bá fínra.

Ó wá ku àìṣègbè, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ BBR ti yẹ̀. Ní 2017, Mario Hock, Roland Bless àti Martina Zitterbart ní Karlsruhe, lórílẹ̀-èdè Jámánì, fi hàn pé níbi tí bọ́fà bá ti kéré, ẹ̀dà kìíní BBR máa ń ti CUBIC sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń mú kí pákẹ́ẹ̀tì púpọ̀ sọnù láìbìkítà. Ní 2019, Ranysha Ware àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon rí i pé ẹyọ BBR kan lè gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ọ̀nà kan, ìbáà jẹ́ CUBIC mẹ́rìndínlógún ló bá a wà níbẹ̀. Ìdá 60 tó kù ni àwọn mẹ́rìndínlógún máa pín. Google tún un ṣe: ẹ̀dà kejì dé ní 2019, ẹ̀kẹta ní 2023, àwọn méjèèjì sì ń ka pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù sí. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ yín, torí èyí tó wọ Linux 4.9 ni ẹ̀dà kìíní.

| | Reno | CUBIC | BBR (ẹ̀dà kìíní) |
|---|---|---|---|
| Àmì tó ń wò | pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù | pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù | ìyára tó dé ọ̀hún àti àlọ-àbọ̀ |
| Ọ̀nà jíjìn | kò lágbára | ó ń gbìyànjú | ó dára gan-an |
| Síńgínà tí ò dúró sójú kan | kò dára | kò dára | ó dára gan-an |
| Ìlà nínú bọ́fà ńlá | ó ń kún un | ó ń kún un | ìlà máa ń kúrú |
| Ẹni tó ń gbè lẹ́yìn | ẹni tó súnmọ́ | kò fi bẹ́ẹ̀ gbè | ara rẹ̀, àti ẹni tí àlọ-àbọ̀ rẹ̀ gùn |

Ohun kan tí mo máa ń rí tí àwọn ènìyàn ń ṣì ṣe: wọn á tan BBR sórí láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n á wá máa retí kí ohun tí wọ́n ń wà sílẹ̀ yára. Ẹni tó ń fi détà ránṣẹ́ ni ètò yìí ń darí. Tí fídíò bá ń bọ̀ láti sáfà lọ́dọ̀ yín, ètò tó wà lórí sáfà ló ń ṣiṣẹ́. Ti láptọ́ọ̀pù ò kàn án.

Nínú router: FIFO, RED, fq_codel àti CAKE

Ẹ wo ilé epo lásìkò tí epo bá wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń dá lóhùn títí tirẹ̀ á fi tán, ẹni tó gbé ogún kẹ́ẹ̀gì wá ló jayé orí rẹ̀, ẹni tó mú kẹ́ẹ̀gì kan wá yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí kálukú gba kẹ́ẹ̀gì kan, kó sì padà sẹ́yìn ìlà, ẹlẹ́yọ kan á ti délé kí ológún tó gba ìkẹta. Epo tí wọ́n tà kò dín, iye tí ilé epo pa kò dín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró ti yí padà.

FIFO ni ti àkọ́kọ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ lọ, tí bọ́fà bá kún, a da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nù. Òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ router olówó pọ́ọ́kú. Nagle kọ̀wé ní 1985 pé lórí FIFO, ẹni tó bá fi púpọ̀ jù ránṣẹ́ ló ń jèrè, nítorí náà kò sí ìdí kankan fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ọmọlúàbí. Ó ní kí router ya ìlà sọ́tọ̀ fún orísun kọ̀ọ̀kan, kó sì máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn ní yípo. Ní 1989, Alan Demers, Srinivasan Keshav àti Scott Shenker mú un gún régé, wọ́n ní kí pínpín náà tẹ̀lé iye báìtì, kí ẹni tí pákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tóbi má baà rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Ibi tí èrò mi ti wá nìyẹn: ẹ ò lè fi àìṣègbè sí ọwọ́ ẹni tó ń ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá dé pẹ̀lú ètò tó le ju ti yín lọ, bí BBR ṣe bá CUBIC, ìpín yín ti lọ.

RED, tí Sally Floyd àti Van Jacobson ṣe ní 1993, ń ju pákẹ́ẹ̀tì nù díẹ̀díẹ̀ kí bọ́fà tó kún. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ yí kó tó bá ọ̀nà yín mu, àwọn tó ń bójú tó router kò sì ráyè. Ẹ fò ó.

Kathleen Nichols àti Jacobson padà sídìí ọ̀rọ̀ náà ní 2012 pẹ̀lú CoDel. Wọn ò wo bí ìlà ṣe gùn tó mọ́. Iye àkókò tí pákẹ́ẹ̀tì lò nínú ìlà ni wọ́n ń wò. Tí ìdúró tó kéré jù lọ bá kọjá ms 5 fún odindi ms 100, CoDel á bẹ̀rẹ̀ sí í da pákẹ́ẹ̀tì nù, kí ẹni tó ń ránṣẹ́ lè rọra. fq_codel fi CoDel yìí sínú ìlà 1,024 tó ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìsopọ̀ tí kì í lò púpọ̀, bí ohùn, ìbéèrè DNS (wíwá àdírẹ́sì ojú-òpó) àti títẹ lẹ́tà lórí SSH (dídarí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn), á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró rárá. Ó ti wà nínú Linux láti ẹ̀dà 3.5. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ nílò láti yí. Tí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí, òun ni.

CAKE, tó wọ Linux 4.19 ní 2018, fi nǹkan méjì kún un. Ó lè fi òpin sí ìyára fúnra rẹ̀ ní iye tí ẹ bá sọ fún un, ó sì lè pín ọ̀nà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó tó pín in fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí kejì wúlò ju bó ṣe dún lọ. Ká ní ẹ ní Mbps 20 nílé. Ọmọ yín kan tan ètò ìwàsílẹ̀ kan tó ṣí ìsopọ̀ mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin sì ń wa fáìlì iṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìsopọ̀ kan. Lábẹ́ fq_codel, ìsopọ̀ mẹ́tàdínlógún ló ń pín in: ẹ̀yin á rí bí Mbps 1.2, òun á rí bí 18.8. Fq_codel ṣe àìṣègbè láàárín ìsopọ̀, kò ṣe é láàárín ènìyàn. CAKE á fún kálukú ní 10. Bob Briscoe, tó wà ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù BT lọ́jọ́ náà, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2007, ó ní kíka ìsopọ̀ lọ́gbọọgba kì í ṣe òdodo nígbà tí ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí ọgọ́rùn-ún. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ `nat`. Tí router yín bá ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo gbogbo ilé, CAKE lè rí gbogbo yín bí ẹ̀rọ kan tí ẹ kò bá sọ fún un pé kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú ìgbésókè, àṣẹ rẹ̀ rí báyìí: `tc qdisc replace dev eth0 root cake bandwidth 9mbit nat dual-srchost`, tó bá jẹ́ pé Mbps 10 ni wọ́n ń fún yín sókè. Lórí OpenWrt (Linux tí a ṣe fún router), SQM, ètò tó ń tọ́jú ìlà níbẹ̀, ní ojú ewé tí ẹ lè ti tẹ̀ ẹ́ láìkọ àṣẹ.

Ìdí tí ó fi jẹ́ 9 dípò 10

Fq_codel àti CAKE ò lè tọ́jú ìlà tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Tí ìlà bá ń gùn nínú modem ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, router yín á kàn máa wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí router yín lọ́ra díẹ̀ ju modem lọ, kí ìlà lè wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ìdá 85 sí 95 nínú 100 ìyára tí ẹ rí gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Ẹ máa pàdánù díẹ̀ nínú speed test. Ẹni tó bá ń ta router fún yín kò ní fẹ́ràn àwòrán yẹn rárá.

Níbi tí èyí ti ń le ni 4G. Ìyára 4G ní aago méjì òru kò jọ ti aago mẹ́jọ alẹ́. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà òru sí CAKE, ní alẹ́ ìlà á padà sínú ẹ̀rọ olùtà, iṣẹ́ CAKE á sì di asán. Ẹ wọ̀n ọ́n lásìkò tó kún jù, kí ẹ fi nọ́ńbà kékeré yẹn sí i, tàbí kí ẹ lo cake-autorate, tó ń wo àlọ-àbọ̀ tó sì ń yí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Lórí fáíbà tó dúró déédéé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa ṣe é.

Wi-Fi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri mẹ́ta, tí síńgínà rẹ̀ kò lágbára, máa ń pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ kó tó fi pákẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́. Tí kálukú bá ní àǹfààní láti fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ẹni yẹn á fa gbogbo ilé wálẹ̀ sí ìyára tirẹ̀. Níbẹ̀, àkókò orí afẹ́fẹ́ ló yẹ kí a pín lọ́gbọọgba. Toke Høiland-Jørgensen ní Karlstad, ní Sweden, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe èyí fún Linux, wọ́n sì gbé ìwádìí náà jáde ní 2017. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Wi-Fi ló gbà á, nítorí náà kí ẹ tó ra router, ẹ wò ó bóyá chip inú rẹ̀ wà lára àwọn tí OpenWrt ń ṣe é fún.

Ó wá kan yín

Tí ẹ bá ní sáfà tó ń fi fídíò tàbí fáìlì ńlá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo fóònù ní ibi jíjìn, ẹ mú BBR pẹ̀lú `fq` (ètò ìlà tó ń bá a rìn lórí sáfà): `net.ipv4.tcp_congestion_control=bbr` àti `net.core.default_qdisc=fq`. Tí sáfà náà bá ń pín ọ̀nà tóóró kan pẹ̀lú sáfà àwọn ẹlòmíràn, tí bọ́fà ibẹ̀ sì kéré, ẹ dúró lórí CUBIC. Ẹ ò ní rí ọpẹ́ gbà lọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹ bá gba ìdá 40 lọ́wọ́ wọn. Fún backup tí ò kánjú, LEDBAT, ètò ìránṣẹ́ míì tí BitTorrent (ètò pínpín fáìlì) ń lò, dára ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, torí pé ó máa ń yẹ̀ fún ẹlòmíràn tó bá ti rí i pé ìlà ń gùn.

Ilé, ọ́fíìsì kékeré, ilé-ẹ̀kọ́, ibi ìjọsìn tó ń gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀: CAKE ni, ní ìgbésókè àti ìwàsílẹ̀. Tí router bá ti gbó, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì lè gbé CAKE dé ìyára tí ẹ ń sanwó fún, ẹ lo fq_codel pẹ̀lú HTB (ètò tó ń fi òpin sí ìyára), kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. FIFO ní àyè tirẹ̀ níbi tí ọ̀nà kì í kún rárá, bí àárín ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan náà. Ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè gba yín nígbà tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bá já. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú tàbí kó falẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè míì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìlà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Tí iṣẹ́ yín kò bá lè dúró, ẹ ra ọ̀nà méjì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á wáyà òkun tí détà wọn ń gbà. Ilé-iṣẹ́ méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè máa gba orí wáyà kan náà kọjá. Linux 5.6 sókè ní MPTCP, tó lè gbé ìsopọ̀ kan láti ọ̀nà kan bọ́ sórí èkejì láìjá, àmọ́ ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ohunkóhun padà, ẹ padà sídìí `ping` kan náà, kí ẹ gbé fáìlì kan náà sókè ní wákàtí kan náà, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn wà lórí ìpàdé nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Tí nọ́ńbà bá ṣì ń fò sókè ní ìgbésókè nìkan, iye `bandwidth` tí ẹ fi síbẹ̀ ti ga jù: ẹ dín in kù ní ìdá 5 nínú 100, kí ẹ tún wò ó. Tó bá jẹ́ pé orí Wi-Fi nìkan ló ti ń fò, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ router kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì.